Oníbodè Kò Rí Apá Mi

"Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín."

Mo ti nà án tipẹ́. Ó wà lábẹ́ ojú ẹ̀rọ náà gbalaja, bí ìgbà tí ènìyàn bá na ẹran sí ajá tí kò fẹ́ jẹ. Ojú pupa kékeré yẹn rìn lórí ọrùn ọwọ́ mi, ó gòkè dé ìgbúnwọ́, ó padà sísàlẹ̀, ó ṣẹ́jú, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá. A kò rí yín."

"Ta wá lo ń kí, bí o kò bá rí mi?" ni mo bi í.

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní ìkíni, wọn kò kọ́ ọ ní ẹ̀fẹ̀. Oníbodè là ń pe gbogbo wọn: èyí tó ń ṣọ́ omi, èyí tó ń ṣọ́ ọjà, èyí tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Bí wọ́n bá ti rí hóró ẹ̀rọ kékeré tí ìlú gbìn sí ọ lọ́wọ́ ọ̀tún, wọn á ṣí fún ọ. Bí wọn kò bá rí i, o kò sí níbẹ̀.

"Màmá Rántí," Bàbá Káńmi ké láti ẹ̀yìn, òun tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ máa ń tóbi ju ti gbogbo ènìyàn lọ, "ṣé omi tó wà nínú apá yín yẹn kò tó yín ni?"

"Ó tó mi. Ọjọ́ tí mo bá fún un jáde, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ bu fún."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Apá ọ̀tún mi ti tó itan géńdé ọkùnrin. Awọ rẹ̀ ń dán, ó le bí ilù tí a sá sóòrùn. Hóró mi wà nínú rẹ̀ níbì kan, ó ti rì bí òkúta tó bọ́ sínú ẹ̀kọ gbígbóná.

Rántí ọmọ mi jáde láàárín èrò, ó fi ọwọ́ kan ti ìdí rẹ̀ lẹ́yìn, oyún ńlá níwájú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sí oníbodè.

"Ẹ káàárọ̀, Rántí. Ẹ ti gba omi tiyín lónìí."

"Ti màmá mi ni mo fẹ́ gbà."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn."

"Wọ́n nà án. Wọ́n dúró síbí. Èmi ni mo ń wò wọ́n."

"A kò rí wọn," ni ẹ̀rọ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

A kúrò lórí ìlà. Omi ọmọ mi ni mo tún mu lọ́jọ́ náà, omi aboyún.

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ṣe òfin yìí. Òkun ti gba ilẹ̀ àwọn ará etíkun, gbogbo wa ti sá gun orí àpáta wá sí Òkè-Ìsádi, omi sì ti di ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ yọ àdá síra wọn. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ ní ọwọ́ èyíkéyìí ló dára láti gbin hóró sí. Àwọn àgbà ìlú ní rárá. Wọ́n ní ta ló ń fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà? Wọ́n ní kí a kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Inú gbogbo wa dùn lọ́jọ́ náà, a ní ó kéré tán, a kò tíì sọ ara wa nù. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹni tó bá jalè, ẹni tó bá dalẹ̀ ìlú, kí wọ́n yọ hóró rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún, kí wọ́n gbìn ín sí òsì, kó máa lọ gbé ní Ìsàlẹ̀ Odi, lẹ́yìn ògiri. Nígbà tí ọ̀dá mú, tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi hóró olóògbé pamọ́ sábẹ́ aṣọ láti fi gba omi, wọ́n tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi aṣọ bo ọwọ́ ọ̀tún mọ́, láti èjìká dé ìka.

Òfin ìkẹyìn yẹn ló pa mí. Nígbà tí wọ́n gé ọmú ọ̀tún mi nítorí jẹjẹrẹ, dókítà sọ fún èmi àti Wúlẹ̀mọ́tù, tí a jọ sùn ní wọ́ọ̀dù kan náà, pé àwọn ti kó nǹkan kúrò ní abíyá wa, ọ̀nà tí omi ara ń gbà ṣàn kúrò nínú apá ti dí. Ó ní kí abẹ́rẹ́ má wọ apá yìí. Kí ẹ̀gún má gún un. Kí a má fi gbé ẹrù. Ó sì fún wa ní ìbọ̀pá, ohun kan tó fà bí rọ́bà, tó há láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, tó ń ti omi yẹn padà. Nígbà tí mo ń wọ ìbọ̀pá, apá mi jẹ́ apá. Ọjọ́ tí òfin ní kí n bọ́ ọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun mìíràn.

Kò sí ẹni tó bi mí léèrè bí mo ṣe ń bọ́ ẹ̀wù. Kò sí ẹni tó bi mí pé ẹ̀gbẹ́ wo ni mo fi ń sùn. Bí mo bá ní ó ń wúwo, wọ́n á ní kí n dúpẹ́, ṣebí jẹjẹrẹ kò pa mí. Mo ń dúpẹ́. Mo ń fi apá tí n kò lè gbé sókè dúpẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Akínsúyì agbinhóró dé sí ilé wa. Òun ni ìlú rán, òun ló ń gbin hóró sí àwọn ọmọ tuntun, òun náà ló ń tún ti àgbà gbìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ tí a kò tíì gbá.

"Ẹ kú ilé, màmá. Wọ́n ní oníbodè kò rí yín mọ́."

"Ó ń rí mi. Ó kàn ń ṣe bí ìbátan tó lówó ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. "Màmá, bó bá di ọjọ́ ọjà tí wọn kò rí yín, wọ́n á kà yín mọ́ òkú. Omi yín á kúrò nínú omi ìlú. Ilé yìí á di ti Rántí nìkan. Mo fẹ́ gbin òmíràn, kó má rì, kó wà lókè lábẹ́ awọ."

"Sí ibo?"

"Sí ọ̀tún."

"Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ wọ apá yìí."

"Abẹ́rẹ́ kékeré ni, màmá."

"Irú èyí tí o fi gún Wúlẹ̀mọ́tù?"

Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ó gbin òmíràn sí apá wíwú Wúlẹ̀mọ́tù lọ́jọ́ Ajé, apá náà pọ́n, ó gbóná bí ìkòkò orí iná, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kó tó di Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, a ti sin ín.

"Òsì ń kọ́?" Rántí ló bi í, láti ẹnu ọ̀nà.

"Òsì ń bẹ, àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí òsì ń gbé."

Rántí mọ̀ ọ́n. Ará Ìsàlẹ̀ Odi kì í wọ ilé ìgbẹ̀bí. Kì í fọwọ́ kan ọmọ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ. Ọmọ mi á sì bí nígbàkigbà, àkọ́bí rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú, ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ògiri òkun, kò sí ẹlòmíràn tí yóò wẹ ọmọ náà àfi èmi. Èmi ni màmá mi wẹ Rántí fún, èmi náà ni mo gbọ́dọ̀ wẹ ọmọ Rántí. Kò sí ohun mìíràn tí mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run fún láyé yìí.

"Fún mi di ọ̀la," ni mo wí fún un.

Nígbà tó lọ, Rántí yọ ọ̀já tuntun tó rà de ọmọ rẹ̀, ọ̀já gígùn aláwọ̀ aró. Nọ́ọ̀sì kan ti fi hàn wá nígbà kan rí bí a ṣe ń ṣe é. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra mí lọ́rùn ná, pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà apá lókè, ó ń ti omi náà sí ìhà ẹ̀yìn mi, kì í tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ ra ológbò lára. Ó wá fi ọ̀já wé e láti ìka lọ sókè, ó há nísàlẹ̀, ó dẹ̀ lókè.

"Ó ń dùn yín, màmá?"

"Wé e."

"Mo ní ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí n bọ́ ìbọ̀pá. Wé e."

Ó gbé ẹsẹ̀ mi sórí àga, ó fi ìrọ̀rí méjì ti apá náà sókè. Oyún rẹ̀ ń kan èjìká mi bó ti ń tẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára tí ọmọ inú rẹ̀ tàpá sí mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Dúró ná, a ń bọ̀."

Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí a tú ọ̀já náà, apá mi ti rọ̀, ó ti fà, awọ rẹ̀ hunjọ bí ewé gbígbẹ. Mo tún rí eegun ọrùn ọwọ́ mi. Ó pẹ́ tí a ti ríra.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Rántí," ni oníbodè omi wí. "Omi yín nìyí."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ya sínú garawa mi. Mo dúró, mo ń wò ó. Bàbá Káńmi ní, "Ẹ kú oríire o, màmá, a ti rí yín." Mo ní ó ṣé. Ibẹ̀ ni ọmọ aládùúgbò wa ti sáré bá mi pé Rántí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìgbẹ̀bí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ mọ bí orí ìyá ṣe máa ń rí nígbà yẹn. Omi ìwẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá àgbà ló ń gbé e lọ, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń gbé e, kì í fún ẹlòmíràn gbé, kí ẹlòmíràn má baà gbé orí ọmọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe fún mi, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ṣe. Ìyàwó Bàbá Káńmi sáré tẹ̀lé mi.

"Màmá, ẹ gbé e fún mi. Apá yín."

"Omi ìwẹ̀ ọmọ ni."

"Mo mọ̀. Ẹ gbé e fún mi títí dé ẹnu ọ̀nà nìkan, ẹ óò gbà á lọ́wọ́ mi níbẹ̀."

"Ìwọ lo fẹ́ di ìyá àgbà ni?"

Ó dẹ́kun. Mo gbé garawa náà gòkè lọ, ọwọ́ ọ̀tún mi ló gbé e. Mo gbàgbé dókítà. Tàbí n kò gbàgbé, mo kàn gbà pé ọjọ́ kan kò lè pa mí lára. Nígbà tí mo fi máa dé orí òkè, ó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan ń da yẹ̀pẹ̀ tútù sínú apá mi, díẹ̀díẹ̀, láti ìka wá. N kò wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí láti wò ó.

Mo gbé garawa kalẹ̀, mo na ọwọ́ mi sí oníbodè ilé ìgbẹ̀bí.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. A kò rí yín."

Mo fi ọwọ́ òsì ra apá náà sókè, sókè, bí Rántí ti ṣe. Mo tún nà án.

"A kò rí yín."

Nọ́ọ̀sì kan yọjú láti ojú fèrèsé. "Ṣé ẹ̀yin ni màmá Rántí? Ẹ máa bọ̀ kíá. Ó ń pè yín."

"Ilẹ̀kùn ni kò ṣí, ọmọ mi."

Ó wo apá mi, ó wo ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó lọ pe agbinhóró. Mo ń gbọ́ ohùn Rántí láti inú, ó ń pe màmá, ó ń pè é bí ọmọ kékeré tí àlá burúkú jí. Mo fi orí ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà tutù. Oníbodè tún kí mi.

Akínsúyì dé pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí òkúta níbẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ mọ́.

"Bí mo bá gbìn ín sí ọ̀tún, màmá, ilẹ̀kùn yìí á ṣí nísinsìnyí."

"Mo sì lè kú."

"Ẹ sì lè má kú. Àwọn kan kò kú."

"Mélòó?"

Ó ṣí àpótí rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí kò yẹ kí àgbà bi ọmọdé. Mo ní, "Bó bá jẹ́ ìyá tìrẹ ń kọ́?"

"Ìyá mi wà ní Ìsàlẹ̀ Odi, màmá," ló wí. "Jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe wọ́n pẹ̀lú. Èmi ni mo gbìn ín sí òsì fún wọn. Mo sọ fún ìlú pé wọ́n jalè."

Mo wo ọmọ náà.

"Ṣé o máa ń rí wọn?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n wà."

Rántí ké nínú ilé, igbe gígùn kan tó mú kí nọ́ọ̀sì sáré padà. Mo mọ irú igbe yẹn. Ọmọ ti ń bọ̀. Mo na apá ọ̀tún mi sí Akínsúyì, ó mú un, ó fi òwú tútù nu ún. Abẹ́rẹ́ náà nípọn bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ibi tó fẹ́ gún ti ń dán, ó ti tún wú, àwọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gún un.

Mo ní kí n wọlé, kí n wẹ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, kí n kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí nínú mi. Lẹ́yìn náà mo rò ó pé, lọ́la ń kọ́? Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́ lọ́la, àti ní ọ̀túnla, nígbà tí ìdodo rẹ̀ kò tíì gbẹ? Rántí á ní ọmọ tuntun lọ́wọ́ kan, òkú ìyá lọ́wọ́ kejì.

Mo gba ọwọ́ mi padà. Mo na òsì.

"Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Gún un kí n tó yí ọkàn mi padà."

Ó gún un. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ń wọlé ni ọmọ náà ké nínú ilé, ohùn wẹ́wẹ́, ó ń bínú. N kò mọ bóyá akọ ni tàbí abo. Mo ní kí nọ́ọ̀sì wá gbé omi wọlé, ó wá, ó gbé e, ilẹ̀kùn ṣí fún un, ó sì tì lójú mi.

"Ẹ kú ọ̀sán, Màmá Rántí," ni oníbodè wí. Ó ti rí mi. "Ọ̀nà yín wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀ o, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀."

Mo ti rò pé olè ni n ó bá ní Ìsàlẹ̀ Odi. Obìnrin ni mo bá. Wọ́n jókòó sẹ́bàá ẹ̀rọ omi wọn tó ń já tó-tó-tó ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń retí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wé apá ọ̀tún wọn ní gbangba. Àwọn kan wọ ìbọ̀pá àtijọ́ tí wọ́n ti fi aṣọ lẹ̀, àwọn kan fi àkísà wé e, ẹnì kan fi rọ́bà inú táyà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n bọ́ ọ. Ìyá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jọ Akínsúyì ní iwájú orí dìde, ó mú apá mi láìtọrọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á láti ọrùn mi.

"Ó gbóná," ló wí.

"Mo gbé omi."

"Omi kí ni?"

"Omi ìwẹ̀ ọmọ ọmọ mi."

Kò bá mi wí. Ó kàn ń ra á lọ. Ibà mú mi, mo ń ṣe ìrànrán lórí ẹní rẹ̀, wọ́n ń fún mi ní omi tiwọn mu ní ìkòkò kékeré, kò sì tó ẹnikẹ́ni nínú wọn. N kò mọ ìgbà tí ó rọlẹ̀. Nígbà tí mo lè jókòó, wọ́n mú mi lọ síbi tí àgbàrá ń gbà kọjá lábẹ́ ògiri, ihò kan tó gba orí ajá. Wọ́n ní ẹnì kan ti ń pe orúkọ mi níbẹ̀.

"Màmá?"

Rántí ni. Ó jókòó sílẹ̀ ní ìhà kejì, mo ń gbọ́ tí omi ń dún nínú agbada.

"Rántí. Ìwọ dà? Ọmọ dà?"

"Obìnrin ni, màmá. Ó wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ bí mo ṣe máa mú un. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, màmá, ẹ̀rù ń bà mí, ó tiẹ̀ kéré ju bí mo ṣe rò lọ."

"Má sunkún. Ṣé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Má rò ó. Fi ìgbúnwọ́ rẹ kàn án."

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Na ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Tẹ́ ẹ sórí ojúgun rẹ, kó kọjú sí ọ. Fi ọwọ́ kan gbá ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú."

"Ọwọ́ wo?"

"Èyíkéyìí. Èyí tó bá lágbára."

Mo fi etí lé ilẹ̀ tútù náà. Gbogbo àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ihò náà pẹ̀lú apá wíwé wọn.

"Bu omi sí i láyà ná. Díẹ̀. Má jẹ́ kó wọ etí. Ra ọrùn rẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wàrà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ṣé o ti débẹ̀?"

"Mo ti débẹ̀."

"Abíyá rẹ̀ méjèèjì. Pẹ̀lẹ́ níbẹ̀. Pẹ̀lẹ́ gan-an ni, Rántí."

Omi ń dún.

"Ṣé ó ń sunkún?" ni mo bi í, nítorí n kò gbọ́ nǹkan kan.

"Rárá, màmá. Ó la ojú sílẹ̀."

"Ó ń wo kí ni?"

"Ó ń wo ibi tí ohùn yín ti ń wá."

"Yí i padà, jẹ́ ká wẹ ẹ̀yìn rẹ̀."